Ife Mọ́bì Lórí Tábìlì Àǹtí Waveney

Hardat ti jáàkì àkọ́kọ́ sábẹ́ igi gbọọrọ tó gbé ilé Àǹtí Waveney dúró. Ó ti kọ́kọ́ tẹ́ pákó sílẹ̀ kí ẹrẹ̀ etí odò Berbice má baà gbé jáàkì náà mì. Òpó mẹ́rin tó wà lápá odò ti rì, ilé onípákó náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Gbogbo abúlé ló jáde fún ọ̀wẹ̀. Ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà, tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ti wà lórí iná. Ọ̀gá iṣẹ́ ló ni bunbun, ìyẹn èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ajá ni wọ́n ń gbé e fún, lójú ọ̀gá náà. Lọ́dún tó kọjá, gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì fọ́ lọ́wọ́ Hardat, ajá sì jẹ bunbun rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Afọ́gíláàsì, kò sì sẹ́ni tó tún pè é kó wá bá òun gbé ilé sókè mọ́, àfi Àǹtí Waveney. Bí tòní náà bá wọ́, kó lọ ta jáàkì rẹ̀ ló kù.

"Àǹtí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná!" Hardat ké sí i lókè.

"N ò lọ síbì kankan! Mo ti bu mọ́bì tí mo fi èèpo igi sè kún ife sórí tábìlì. Ife yẹn ló máa sọ fún mi bóyá o mọṣẹ́."

Ivelaw, aládùúgbò tó wà nídìí jáàkì kẹta, bú sẹ́rìn-ín. "Afọ́gíláàsì, ajá mi ò tíì jẹun láti àná o!"

"Jáàkì ni kó o gbájú mọ́, gbẹ́nu dákẹ́. Ó yá, ẹ̀ẹ̀kan!"

Ọkùnrin mẹ́rin fa ọwọ́ jáàkì mẹ́rin pọ̀. Ilé kérora. Bó bá ti gòkè níwọ̀n ìka kan, wọ́n á dúró, wọ́n á to igi ní ìdábùú sábẹ́ rẹ̀ kó má baà já lulẹ̀ bí jáàkì bá yọ̀, wọ́n á tún fà á. Hardat na ọ̀pá rọ́bà gígùn kan tí wọ́n lè rí inú rẹ̀, tó kún fún omi, láti apá odò dé apá ọ̀nà. Bí omi bá ga dọ́gba ní ẹnu méjèèjì, ilé tọ́ nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sán, ó dọ́gba.

"Ó ti tọ́!"

"Irọ́ ni!" Àǹtí pariwo. "Mọ́bì mi ti ń dà!"

Ivelaw sáré gòkè, ó yọrí lójú fèrèsé, ó sì súfèé sí ajá rẹ̀.

Hardat sáré padà sídìí rọ́bà. Ó tún omi wò. Omi ò yí ọ̀rọ̀ padà, omi ò kúkú mọ ojú ẹnì kan. Ó bá gòkè. Ife ti yọ̀ dé etí tábìlì, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìbú ọwọ́ wọn ẹsẹ̀ tábìlì: méjì gùn, méjì kúrú. Ti àga, bákan náà. Ti bẹ́ẹ̀dì, bákan náà.

"Àǹtí, ta ló gé ẹsẹ̀ wọn?"

Àǹtí Waveney bojú wolẹ̀. "Compton ọkọ mi ni. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti gbàgbé. Bí ilé bá ti rì, á mú ayùn, á gé ohun gbogbo kó lè bá ilé mu. Ọ̀lẹ ọlọ́gbọ́n!"

"Ọkọ yín ti kú, ó ṣì ń bá mi jà!"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Hardat gé orí àwọn òpó tó rì, ibi tí kò tíì jẹrà, ó sì kàn wọ́n mọ́ àwọn ẹsẹ̀ tó kúrú.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n ti fi òpó kọnkéré tí wọ́n ti dà sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn rọ́pò àwọn tó rì, ilé sì ti jókòó lé wọn lórí. Gíláàsì fèrèsé kankan kò sán. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló ha bunbun sínú àwo Hardat. Ajá Ivelaw ń wò ó lẹ́nu.

"Ọ̀gá Hardat," Ivelaw ní, "ilé tèmi náà ń fì. Ìgbà wo lẹ máa wá?"

Hardat rọra jẹ bunbun rẹ̀ tán. "Kọ́kọ́ sọ gbogbo ohun tó o ti gé ná."