Àbúrò Arsalan àti Àádọ́rin Kílò

Behrang kò ní ọ̀rá kankan lára mọ́ tí ènìyàn lè yọ. Mo ti wọn ikùn rẹ̀ àti itan rẹ̀, mo yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó pọ́n bíi tíì. Èmi ni ẹgbẹ́ ìjàkadì ìlú wa ní Mazandaran, ní ilẹ̀ Iran, gbà láti máa sọ ohun tí àwọn ọmọkùnrin wọn yóò jẹ, nítorí náà mo lọ bá Ọ̀gá Yadollah, olùkọ́ wọn.

"Ọ̀gá, tó bá tún fọn ju báyìí lọ, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ la ń fà. Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ lára àwọn oníjàkadì bíi tiẹ̀. Agbára wọn máa ń rọ, kíndìnrín wọn lè daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn míì kú. Ẹ jẹ́ kó kúrò ní kílò márùndínláàádọ́rin, kó gòkè sí àádọ́rin."

Ó rẹ́rìn-ín. "Golnar, ṣé ìwé ló máa bá wa jà ni? Nígbà tiwa, a kì í fomi kan ẹnu, a sì ń borí. Ta ló wà ní àádọ́rin kílò ná?"

Mo mọ̀ ọ́n. Arsalan ni, ẹ̀gbọ́n Behrang, ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹnì kan péré ni ẹgbẹ́ ń mú lọ sí ìdíje fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí Behrang bá gòkè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò gbé ṣánlẹ̀. Bí ó bá dúró nísàlẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ.

"Dókítà, òun ló kọ́ mi níjà," Behrang wí fún mi. "Ẹ fẹ́ kí n wá dójú tì í níwájú ìyá wa? Ẹ ṣáà sọ ohun tí mi ò ní jẹ fún mi."

"Kí ló kù tí o ò ní jẹ? O ò jẹun tẹ́lẹ̀."

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé àwọn oníjàkadì lé ìwọ̀n, wọ́n sọ fún mi lọ́sàn-án pé ó ti wọ yàrá ooru, pé ó wọ aṣọ nàílọ́ọ̀nù, ó ń wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá kí òógùn lè fa ìwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀. Mo sáré débẹ̀. Obìnrin kì í wọlé sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin níbẹ̀. Yadollah gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, ó fi súgà sẹ́nu, ó ń mu tíì.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, Ọ̀gá."

"Fara balẹ̀. Ohun tó kù ò ju ìwọ̀n èso ọsàn kan lọ."

Mo pariwo. "Behrang! Oṣù wo la wà yìí?"

Kẹ̀kẹ́ náà ń yí. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, oṣù tó ti kọjá ló sì dárúkọ. Ooru ti ń da orí rẹ̀ rú. N kò lè wọlé, n kò sì lè fi í sílẹ̀. Mo fóònù Arsalan.

Láti oko ọsàn ló ti sáré wá. Kò kí olùkọ́ rẹ̀. Ó gbé e kúrò lọ́nà tàga-tàga, ó fi ẹsẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sì gbé àbúrò rẹ̀ jáde. Òógùn ti gbẹ lára ọmọ náà, awọ rẹ̀ gbóná bí àdògán. Mo da omi tútù lé e lórí, mo ní kí wọ́n pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Arsalan gbé omi sí i lẹ́nu, Behrang pa eyín dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá mu ún, ọ̀dọ̀ yín ní àádọ́rin kílò ni mo ń bọ̀."

"Máa bọ̀."

"Màá gbé yín ṣánlẹ̀ o."

"Ìwọ tí o ò lè gbórí? Lanu, olóríkunkun!" Omijé ń bọ́ lójú Arsalan bó ti ń sọ ọ́.

Behrang mu ún. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló wà nígbà tí Arsalan lọ jà, tó sì borí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Behrang jẹun bí mo ṣe là á sílẹ̀: ìrẹsì, ẹyin, ẹja, omi dáadáa. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì gòkè sí àádọ́rin kílò. Ìyá wọn sọ fún mi pé Arsalan a máa ti ẹran tirẹ̀ sí i nídìí oúnjẹ, a ní, "Jẹ ẹ́, Dókítà ní ó ń fúnni lágbára." Behrang á jẹ ẹ́, kò sì ní wo ojú rẹ̀.

Nígbà ìkórè ọsàn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé nínú ìjà fún àyè kan ṣoṣo náà. Ìyá wọn kò wá. Behrang gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Arsalan sì na ọwọ́ àbúrò rẹ̀ sókè fún àwọn ènìyàn. Yadollah ń patẹ́wọ́ bíi pé òun ló ṣe é.

Behrang gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín.