Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Doreen

Bí aago ẹnu ọ̀nà iwájú bá dún nílé Doreen Ormerod ní Accrington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyà rẹ̀ á já. Ládùúgbò wọn, ọlọ́pàá, àlùfáà àti agbépósí ló ń gba iwájú wọlé. Èèyàn gidi, ẹ̀yìn ló ń gbà.

Aago ọ̀hún ló dún láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Doreen tẹ̀pá lọ ṣílẹ̀kùn. Mavis aládùúgbò rẹ̀ ló dúró síta, ó gbé kéèkì dání bí àlejò.

"Mavis! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo ń kọ́ bí màá ṣe máa wọlé rẹ ni. Rosalind fi àwòrán ilé hàn mí lánàá. Kò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbẹ̀."

Háà! Doreen ò tiẹ̀ kíyè sí i. Rosalind ọmọ rẹ̀, ayàwòrán ilé, fẹ́ wó ilé ìdáná tó ṣókùnkùn lẹ́yìn ilé ayé Ọbabìnrin Victoria yìí, kó fi yàrá onídígí tí ìyá rẹ̀ á ti máa sùn láìgun àtẹ̀gùn rọ́pò rẹ̀, kí orúnkún tó ń dùn ún má baà lé e lọ sílé àwọn arúgbó. Ire ló fẹ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Mavis ń gbẹ̀yìn wọlé wá mu tíì láìkanlẹ̀kùn, látìgbà tí ọkọ àwọn méjèèjì ṣì wà láyé. Ọkàn Doreen bàjẹ́. Kí ni yàrá tó mọ́lẹ̀ fẹ́ dà fún un láìsí Mavis?

"Kí lo wá sọ fún Rosalind?"

"Mo ní ó rẹwà."

"Àgbàyà! Èmi náà ní ó rẹwà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

"Ọmọ ẹ ni," Mavis ní. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Nígbà tí Rosalind dé, Doreen ò jẹ́ kó jókòó. "O ti Mavis mọ́ta."

"Màmá! Ẹ̀yin náà lẹ ní ó dára!"

"Gbogbo nǹkan ni mo máa ń pè ní dáadáa. Ṣé òní lo mọ̀ mí ni?"

Rosalind wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, aláwọ̀ ewé tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, tó fẹ́ jù nù tẹ́lẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù.

Nígbà tí òtútù fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, yàrá ti parí. Bíríkì ilé ìdáná tí wọ́n wó ni wọ́n fi mọ ìsàlẹ̀ ògiri, dígí ló kù lókè. Láàárín dígí náà, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ kùn ún. Doreen na ẹsẹ̀ sínú oòrùn lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ilẹ̀kùn han.

"Èmi ni o!"

Inú Doreen dùn débi pé omi lé sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé:

"Ti ilẹ̀kùn yẹn jàre! Òtútù ń wọlé."