Ẹ̀kúnwọ́ Iyọ̀

Bí Àrìnkẹ́ bá ní òun kò mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́, irọ́ ló pa. Jùwọ́nlọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì l'Ókìtìpupa, kìlọ̀ fún un dáadáa. Ìlà ẹ̀gẹ́ méjì lọmọ náà gbìn sínú ike ọ̀dà lẹ́yìnkùlé wọn ní Igbotako. Omi iyọ̀ ló ń bu fún ìlà kan, omi lásán ló ń bu fún èkejì. Ó fẹ́ mọ bí iyọ̀ ṣe ń wọ inú gbòǹgbò, nítorí àwọn àgbẹ̀ etí òkun tí omi iyọ̀ ń ba oko wọn jẹ́.

Àmọ́ ojú ìyá ni Àrìnkẹ́ fi wò ó. Iyọ̀ tí a fi ń kan ọmọ tuntun lẹ́nu, tí wòlíì ń gbàdúrà sí, òun ni wọ́n fún ìlà kan tí wọ́n sì fi du èkejì? Láràárọ̀, bí ọmọ bá ti gun ọ̀kadà lọ, yóò bu iyọ̀ àdúrà sínú omi, yóò sì rọra dà á sídìí ìlà tí kò ní.

"Iṣẹ́ ọmọ mi á dùn," ló máa ń wí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Abẹ́rẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni Jùwọ́nlọ́lá fi ń gún sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò ní yunifásítì, kí ẹ̀rọ lè ka iye iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ìlà olómi lásán kún fún iyọ̀ bí èkejì. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tó wà náà ló wà. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́, kó gbé e fún ẹlòmíràn.

"Iye, ọwọ́ mi ni ò dáa," ló wí fún ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú. "Lọ́la ni mo máa kó ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

Àrìnkẹ́ dáwọ́ púpurú tó ń rò dúró. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìka wọ̀nyẹn. Ṣé yóò dákẹ́, kí ọmọ máa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀?

"Ọma mi, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Èmi ni mo ń fún wọn níyọ̀."

Ó rò pé ọmọ yóò pariwo. Ìwé ni Jùwọ́nlọ́lá fà yọ, ojú rẹ̀ là. "Tí mo bá mọ iye tó jẹ́, iṣẹ́ náà ṣì lè wúlò. Ṣíbí mélòó, Iye?"

"Mi ò lo ṣíbí. Ọwọ́ ni mo fi ń bù ú."

Jùwọ́nlọ́lá gbé òṣùwọ̀n kékeré àti ike iyọ̀ síwájú rẹ̀. "Ó yá, ẹ bù ú bí ẹ ṣe máa ń bù ú."

Àrìnkẹ́ bù ú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, iyọ̀ ń jò láàárín ìka. Ó tún bù ú, iye rẹ̀ yàtọ̀. Ó bù ú títí di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò sí méjì tó bára mu.

"Láwọn àárọ̀ yẹn, inú mi máa ń dùn ni," ló wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n."

Jùwọ́nlọ́lá pa ìwé dé láìkọ iye kankan sínú rẹ̀.