Apá Òsì Tó Dán Ju Ọ̀tún Lọ

Aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Dígí ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Pákó ni ògiri náà, kò sì nípọn; bí Dígí bá sín lọ́hùn-ún, aránṣọ á ní "pẹ̀lẹ́ o" níhìn-ín. Ohun tí etí rẹ̀ kò sì gbọ́, Dígí fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún un nígbà tó yá, torí ìtìjú náà wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé.

Dígí kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ike ara alùpùpù onítáyà mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń gùn nínú oko àti nínú ẹrọ̀fọ̀, ló ń tún ṣe. Bí igi bá ti ha á, tí oòrùn sì ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Nígbà tó bá fi máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín lè fá irùngbọ̀n níwájú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti alùpùpù kan wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Kíá ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà, torí kò sí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń bọ́ adìẹ nínú oko ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Dígí wo alùpùpù náà, ó dá a mọ̀. Ti oko yẹn ni, bàbá ọkọ rẹ̀ ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Bàbá nìkan ló ń gùn ún yí ọgbà ká, ọwọ́ Bàbá nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé.

"Ta ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́?"

"Bàbá ń sùn. Ara ìṣó ni mo ti mú un."

"O jí i."

"Mo yá a ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin kan ló ní òun ò gun irú ẹ̀ rí."

"Ó ti wá gùn ún báyìí?"

"Ó fò bọ́ sílẹ̀ kó tó dojú dé. Ó ti bínú lọ sílé."

Dígí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kọ̀, kò jáde. Ike pupa tó bo táyà apá òsì ti ha yánnayànna. Níbi tó ti tẹ̀, ilà funfun là káàkiri bíi gìgísẹ̀ tí kò rí ìpara.

"Lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá."

"Wọ́n á lé mi! Màdáámù ti ní tí n bá tún ṣe àṣejù ẹyọ kan, kí n gba ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin ni Dígí? Àbí orúkọ lásán ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Aránṣọ ní kí n má ṣe fi ibí yìí sílẹ̀: kì í ṣe àánú àbúrò nìkan, ìgbéraga wà níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ká a. Ó rò pé bí iṣẹ́ náà bá pé, ẹ̀bi ò ní sí, kò sì ní sí orí tí ẹ̀bi máa já lé.

Ó fi omi ọṣẹ fọ ẹrọ̀fọ̀ kúrò. Ó fi sáńpépà tó le díẹ̀ ha ojú àpá náà, ó ń da omi sí i bó ti ń ha á. Ó mú èyí tó kúnná, ó tún mú èyí tó kúnná jù ú lọ, títí ọwọ́ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò kì í jẹ́ kó dúró sójú kan, torí ike tí ooru bá pẹ́ lára rẹ̀ á ká kò bí ewé gbígbẹ. Ó ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀, ilà funfun ń rá díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ pupa ń jí bọ̀. Ó wá fi pọ́líìṣì àti aṣọ múlọ́múlọ́ dán an.

"Jẹ́ kí n ṣe apá ọ̀tún náà, kí wọ́n bára mu."

"Apá òsì ló ṣubú! Bàbá ti fẹ́ẹ́ jí!" Kíá ti gun orí rẹ̀, ó ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, alùpùpù náà padà wá. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló gùn ún, Màdáámù tó ni oko sì wa ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ibi tí Dígí dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ló ti rí àṣìṣe rẹ̀. Lábẹ́ oòrùn, apá òsì ń kọ mànà bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó, apá ọ̀tún sì ṣú bí ẹni tí wọn ò pè.

Bàbá ti ẹ̀rọ náà wọ inú ṣọ́ọ̀bù, Dígí sì kúnlẹ̀ kí wọn.

"Dìde, ìyàwó mi," ni Bàbá wí.

Màdáámù na ìka sí apá òsì. "Ẹ ṣe apá kejì kó rí báyìí. Ṣùgbọ́n kí lẹ rò pé ó lè mú kí èèyàn dán apá kan ṣoṣo? Mo wo abẹ́ rẹ̀, irin ti wọ́. Ẹ̀rọ yìí dojú dé. Mo bi Bàbá, wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ ta nìyí?"

Dígí sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ ike náà wò. Ojú ara rẹ̀ ló rí nínú rẹ̀, kedere.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màdáámù."

Lẹ́yìn pákó, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wọ́ abẹ́ etí ike náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, tí Dígí nìkan sì máa ń dán. Òun fúnra rẹ̀ ti fi ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí: "Ìyàwó mi, ta ló máa yọjú wo abẹ́ yẹn, èkúté?" Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀ lọ. Ó wo Dígí lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò, ó dìde.

"Èmi ni, Màdáámù. Èmi ni mo gbé e dojú dé. Ojú tì mí, ni mo fi ní kí wọ́n bá mi bò ó."

"Bàbá! Ṣebí ẹ ní ẹ ò mọ̀?"

"Mo purọ́."

Màdáámù na ọwọ́. Bàbá tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìgbànú rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Màdáámù bọ́ síta láti dáhùn fóònù rẹ̀ tó ń dún.

Dígí wólẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni…"

"Mo mọ̀. Kíá ló mú un, àbí? Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, mo ti dárúkọ tìrẹ. Ìyàwó ilé mi ni ọ́. Èmi kọ́ ni màá tú ọ láṣọ níta. Dákẹ́, kí o ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ó yẹ kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú ti fún un lọ́rùn, ó sì rò pé òtítọ́ á tú u. Màdáámù ò tíì wọlé tán tí Dígí fi bú sẹ́kún.

"Kì í ṣe Bàbá o! Àbúrò mi ló jí i gùn, èmi ni mo dán an! Nítorí mi ni Bàbá ṣe purọ́!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́, ó ti fọ́.

"Kí àbúrò yín má tún yọjú sí oko mi," ni Màdáámù wí. Ó wá yíjú sí Bàbá. "Pẹ̀lú ewú orí yín, Bàbá? Ẹ wò mí lójú, ẹ purọ́ mọ́ ara yín?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ẹ gbà, ẹ gbà á."

Nígbà tí Bàbá ń fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀, ojú rẹ̀ le, ó dúró ṣánṣán. Báyìí, ojú náà wó bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìhòòhò. Ìgbà yẹn ló yé Dígí: aṣọ tí Bàbá bọ́ láti fi bò ó, òun ló fà á ya, kò sì sí òmíràn lára ẹni tó bọ́ ọ.

"Ẹ fún ẹni tí ẹ bá lè gbà gbọ́," ni Bàbá wí.

"Bàbá…"

"Ṣe apá ọ̀tún."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ó gba iwájú aránṣọ kọjá. Aránṣọ kí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Ó rin títì náà títí dé ibi tó ti yà, kò bojú wẹ̀yìn.