Ẹ̀rọ Ìgéko fún Katakata Arúgbó

Ọmọ ti sọ ọ́ lójú bàbá rẹ̀ pé bí katakata àtijọ́ náà kò bá lè fa ẹ̀rọ ìgéko, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni yóò wá gbé e lọ. Bàbá ló ṣáájú nígbà tí wọ́n dé ilé ìtajà ẹ̀rọ oko.

Ẹ̀rọ ìgéko tó fẹ̀ jù ló wu ọmọ. “Bàbá, wéré lèyí máa gé gbogbo ẹ̀yìnkùlé.”

“Wéré náà ló máa pa arúgbó mi. Ẹrù ọ̀dọ́ kọ́ là ń dì fún àgbà.”

Bàbá tú okùn tó fi wọn ẹ̀yìn katakata láti táyà dé táyà, ó sì mú ẹ̀rọ kékeré tí kò ju okùn náà lọ.

Nílé, katakata wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó kú. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó tún yí kọ́kọ́rọ́. Katakata bú ramúramù, ó gbéra. Koríko tó ga dé àyà ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, títí ọ̀nà tóóró tí ìyá ọmọ náà fi ẹsẹ̀ là lọ sídìí kànga nígbà ayé rẹ̀ fi yọ síta.

Ọmọ ṣí fìlà.

“Bàbá, a ò ní tà á mọ́.”