Yàrá Tí Ṣèyíọlá Ń Sùn

Ignatius wà lóko rẹ̀ ní Upenmen, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ó ń wa iṣu, nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Mojí, pè é lórí fóònù, tó sì ka lẹ́tà kan fún un. Nígbà tó kà á tán, Ignatius ní kí ó jẹ́ kí òun wa èbè tó kù tán ná.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá tí Ṣèyíọlá, ọmọbìnrin wọn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti kú. Ó kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní pólì Ọ̀wọ̀, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò, kó tó wá di alásè ní erékùṣù kan ní Kàríbíánì. Erékùṣù náà kì í ṣe ìlú. Ilé iṣẹ́ kan ló ni gbogbo rẹ̀, àwọn olówó ayé ló sì ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Ọdún kẹta tó débẹ̀, ó sùn, kò jí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Gbígbé òkú wálé kò ṣeé ṣe, wọ́n wá sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ Kátólíìkì ní erékùṣù ńlá tó wà lódìkejì. Inú fóònù ni àwọn òbí rẹ̀ ti wo ìsìnkú náà, ní pálọ̀ wọn. Nẹ́tíwọ̀kì já kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Lẹ́tà tó dé yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni erékùṣù náà. Wọ́n ní kí bàbá àti ìyá wá lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ àwọn, ọ̀fẹ́ ni. Mojí ní àwọn á lọ. Ignatius kò rí ìdí tí wọn kò fi ní lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ìdí tí wọ́n fi máa lọ.

Wọ́n wọ bàálù mẹ́ta àti ọkọ̀ ojú omi kan. Ilé tí wọ́n fi wọ́n sí wà létí òkun, ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì gba èèyàn mẹ́fà. Òkun mọ́ bí omi tí wọ́n po búlúù ìfọṣọ sí. Ṣòkòtò tí Ignatius fi ń lọ sí Máàsì ló wọ̀, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo òkun náà. Máníjà wá bi í bóyá ó ń gbádùn. Ó ní ó dára. Ó mọ̀ pé ó dára lóòótọ́, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú ṣe ń mọ̀ pé ọbẹ̀ ń ta sánsán.

Mojí ní tirẹ̀ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ láràárọ̀, kí obìnrin tó ń tún ilé ṣe tó dé. Zipporah ni wọ́n ń pe obìnrin náà, yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sí ibojì ọmọ wọn. Mojí ka rósárì, Ignatius ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Ignatius bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa sìmẹ́ńtì náà, ó ní wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa. Mojí wò ó títí.

Lọ́jọ́ kẹta ni Mojí bi Zipporah níbi tí ọmọ òun ń sùn. Zipporah ní ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ilé àwọn òṣìṣẹ́ wà, lẹ́bàá ẹ̀rọ iná, àwọn àlejò kì í débẹ̀. Mojí lọ bá máníjà. Ìyẹn fi sùúrù ṣàlàyé pé yàrá náà ti ní ẹlòmíì nínú, àti pé òun kò fẹ́ kí ibẹ̀ bà wọ́n nínú jẹ́.

Mojí ní, “Àwa kì í ṣe àlejò. Òbí òṣìṣẹ́ yín ni wá.”

Máníjà wolẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

Bẹ́ẹ̀dì kéékèèké méjì ló wà nínú yàrá náà, pẹ̀lú fáànù kan àti fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀rọ iná. Ti apá òsì ni ti Ṣèyíọlá. Zipporah ló ń sùn lórí èkejì. Ó sọ fún wọn pé lọ́jọọjọ́ Sunday, Ṣèyíọlá máa ń se èso gbẹ̀rẹ̀fútù, á gún un fún gbogbo àwọn òṣìṣẹ́, á ní ó jọ iyán ṣùgbọ́n kò lágbára bí iyán Ọ̀wọ̀. Mojí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó sunkún.

Ignatius dúró. Ó bi Zipporah pé, “Ṣé ó jẹ̀rora?”

“Rárá, sà. Mo pè é kó wá mu tíì. Mo rò pé oorun ló ń sùn.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mojí dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Ignatius náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ iná. Kò ro nǹkan kan. Ọjọ́ méjì tó kù, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti ń jẹun.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ọ̀wọ̀, àwọn ará ìjọ wá kí wọn. Àbẹ̀ẹ́bí, àbúrò Mojí, bi Ignatius bí ibẹ̀ ṣe rí. Ó ní wọ́n tọ́jú àwọn.

Mojí àti Zipporah ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí lẹ́yìn Máàsì. Lọ́jọ́ kan, Ignatius ní kí Mojí gbé fóònù fún òun. Ó bi Zipporah ta ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì apá òsì.

“Alásè tuntun ni, sà.”

“Ṣé ó ń rí oorun sùn?”

Zipporah ní ó ń sùn dáadáa. Ignatius ní ìyẹn dára. Ó dá fóònù padà fún ìyàwó rẹ̀, ó sì jáde lọ kó aṣọ tí wọ́n sá, nítorí òjò ti ń ṣú.