Akoto Tó Kọ́ Bàbá Benedict Lóòyì

Ní ọdún 1996, nígbà tí Kérésì kù fẹ́ẹ́fẹ́, Lérè gbé àga tí ń fò, tó ń gbé èèyàn mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, wá sí pápá kan ní Òkìtìpupa. Ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ á dé akoto ńlá tó bo ojú àti etí, á máa rí àwòrán nínú rẹ̀ bí ẹni ń fò lójú ọ̀run. Àga náà á máa mì, á máa yí. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í bá àga rìn. Àga á ti yí sọ́tùn-ún kí àwòrán tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bì.

Mildred, ìyàwó Lérè, tó ń fi omi ọṣẹ nu àwọn akoto náà, bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá Ìdára, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gun àga lásán. Akoto yìí ń ṣe wọ́n léṣe."

"Ṣé àga lásán ni wọ́n torí ẹ̀ wá láti ìlú Òde-Ayé? Wọn ò ní àga nílé ni?"

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, Bàbá Benedict, baba Mildred, wá láti Ìkọ̀yà. Láti kékeré ló ti ń gun ọ̀pẹ. Òkè kì í bà á lẹ́rù. Ó ní òun fẹ́ mọ iṣẹ́ tí àna òun ń ṣe. Lérè dé akoto fún un, ó sì di bẹ́líìtì mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́, tó ń wá ohun tó máa dì mú.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!"

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn!" Mildred kígbe. "Bàbá mi ò gbádùn!"

"Àwọn tí wọ́n jọ wà lórí ẹ̀ ńkọ́? Á tán láìpẹ́."

Lérè gbé máìkì. "Ẹ wá wo àna mi o! Ọ̀gá orí ọ̀pẹ rèé, àga lásán ló dá a lágara!"

Ẹ̀rín sọ ní pápá. Bàbá bì sára bùbá Kérésì rẹ̀.

Ojú Mildred pọ́n kankan. Ó sáré lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ó ṣí akoto lórí baba rẹ̀. Nígbà tí bàbá dìde, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú.

"Lérè!" Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Baba tó fà mí lé ẹ lọ́wọ́ lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Rọra sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò! Ṣé ìwọ kọ́ lo pè wọ́n wá wòran?"

Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé ọṣẹ, ó gé wáyà àwọn akoto náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lérè dúró, kò lè sún mọ́ ọn. Mildred gbé baba rẹ̀ wọ takisí, ó di Ìkọ̀yà.

Òòyì náà kò tètè lọ. Bàbá á so igbà mọ́ ìdí, á dé ìdí ọ̀pẹ, á gbójú sókè, á sì padà sílé. Gbogbo ìgbà tó bá padà báyìí ni inú ń bí Mildred lákọ̀tun.

Nígbà tó yá, Lérè wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Ó ti tán."

Lérè yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Bàbá ti dárí jì mí. Ká máa lọ."

"Bàbá ló dárí jì ẹ́. Ta ló sọ fún ẹ pé èmi ti ṣe tán?"

Mildred ń bá ẹ̀gẹ́ tó ń bó lọ. Lérè nìkan ló padà. Ó kó àwọn akoto náà padà fún ẹni tó tà wọ́n fún un. Nígbà Àjíǹde, àga lásán ló ń yí ní pápá, àwọn ọmọdé sì ń tò láti gùn ún. Ìgbà yẹn ni Mildred tó padà sílé, ṣùgbọ́n kò tún bá a ṣiṣẹ́ nídìí àga mọ́.